Láptọ́ọ̀pù mi bá Micra lọ: irú encryption wo ni kí n fi sórí tuntun?

Àlàkẹ́ Agbowó

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe l'Ágbowó, ní òdìkejì Yunifásítì: projẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà ìwáṣẹ́, fọ́ọ̀mù, gbogbo ẹ̀. Tọ́sìdeè tó kọjá, mo wọ Micra ní Mọ́kọ́lá. Èrò ti kún, dírẹ́bà ní kí báàgì mi lọ sí búùtù. Mo sọ̀, mo sanwó, èmi àti ẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì igba náírà. Ó fún mi ní ṣéńjì ọ̀hún. Kí n tó ká owó sínú pọ́ọ̀sì tán, mọ́tò ti wọ àárín àwọn yòókù, báàgì ti bá a lọ.

Owó ẹ̀ dùn mí, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí n sùn: nọ́ńbà NIN àwọn èèyàn, fọ́tò wọn, projẹ́ẹ̀tì ọmọ ọlọ́mọ mọ́kànlá. Mo ní páswọọ̀dù lórí ẹ̀ o! Ọmọkùnrin kan tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Queen Cinema wá fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní páswọọ̀dù yẹn ò ju kọ́tìnì lọ, ó ní ṣe ló yẹ kí n ti encrypt ẹ̀. Mo ní kí ni ìyẹn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni ń ka orúkọ ibùdókọ̀: AES, RSA, SHA, end-to-end. Mo ti ra tókúnbọ̀ mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyàtọ̀ wọn, èwo ni kí n fi sí i? Ẹ má fi òyìnbó pa mí.

Ọmọ Òkè Pádì

Ìbàdàn Mesi Ọ̀gọ̀, níbi olè gbé ń jàre olóhun! Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣé ẹ ti lọ bá àwọn onímọ́tò ní gáréèjì? Ó lè jẹ́ pé dírẹ́bà ò tíì ṣí búùtù ẹ̀ látìgbà yẹn.

Àlàkẹ́ Agbowó

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti lọ. Ní ìkẹta, wọ́n ti ń kí mi bí ará ilé.

Táyé Dùgbẹ̀

Àǹtí Àlàkẹ́, ẹ kú ọ̀ràn mà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà títún ṣe ni mò ń ṣe. Ọmọ yẹn ò purọ́ fún yín. Páswọọ̀dù tí Windows ń bèèrè dà bí géètì ilé tí kò ní fẹ́ǹsì. Ẹni tó bá gba iwájú wá nìkan ló ń dá dúró. Olè ò ní gba iwájú. Á fi skrúdráfà tú abẹ́ láptọ́ọ̀pù, á yọ díìsìkì, á kì í bọ kọ̀ǹpútà míì bí ẹ ṣe ń ki fláàṣì bọ̀ ọ́, gbogbo fáìlì yín á sì jókòó síbẹ̀ bí ẹ ṣe tò wọ́n. Èmi gan-an ń ṣe é fún àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn kú tí wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ wọn padà. Kò le rárá.

Encryption kì í ṣe ilẹ̀kùn. Ohun tó wà nínú díìsìkì gan-an ló ń dà rú. Ẹni tó bá yọ díìsìkì á bá ràdàràdà níbẹ̀, àfi tó bá ní kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ yẹn kì í ṣe irin o, nọ́ńbà gígùn kan ni.

Tó bá jẹ́ Windows 11 Home ló wà lórí tuntun yín, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Privacy & security, ẹ wò ó bóyá Device encryption wà níbẹ̀, kí ẹ tàn án. Tó bá jẹ́ Pro, BitLocker ni ẹ ó rí. Ti Mac ń jẹ́ FileVault. Tí ẹ ò bá rí ìkankan, VeraCrypt wà, ọ̀fẹ́ ni. AES ni gbogbo wọn ń lò nínú, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ yín nítorí "AES".

Bọ̀dá Network

Kí ọ̀rọ̀ tuntun tó gùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bójú tó èyí tó sọnù. Àǹtí, ṣé Gmail yín ṣì wà ní ṣíṣí lórí láptọ́ọ̀pù yẹn? Ẹ lo fóònù yín báyìí, ẹ wọ inú àkáǹtì Google, ẹ wo àwọn ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, kí ẹ lé láptọ́ọ̀pù náà jáde, kí ẹ sì yí páswọọ̀dù padà. WhatsApp náà, ẹ wo Linked devices. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe àwọn tí NIN wọn wà níbẹ̀, ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Ojú á tì yín díẹ̀, àmọ́ ó sàn kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Bàbá Tíṣà Òke-Àdó

Ọmọ mi Àlàkẹ́, Ọlọ́run á dá a padà. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi. Ẹ má máa pè é ní encryption bí ẹni pé àwọn òyìnbó ló kọ́ wa láti pa ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnà ni. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí a ò fẹ́ kí àwọn ìyá wa mọ̀ pé odò la fẹ́ lọ, a ó ní, "Mogo fẹ́gẹ́ lọgọ." Àwọn àgbà pẹ̀lú ní àrokò. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà nìyẹn, ọkàn ẹni tó rán an fà sí ọ. Ọmọ tó gbé e wá lè má mọ ohun tó gbé dání.

Késárì ti Róòmù ní tirẹ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń tì síwájú nígbà mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká fi álífábẹ́ẹ̀tì tiwa dán an wò, èyí tó ní lẹ́tà 25. Mú DÙGBẸ̀, ká bọ́ àmì ohùn lára rẹ̀: D, U, GB, Ẹ. D á di F. U á yí po padà sí ìbẹ̀rẹ̀, á di A. GB á di J, Ẹ á di GB. FAJGB! Dírẹ́bà wo ló mọ ibẹ̀? Ṣùgbọ́n ibi 24 péré la lè ti lẹ́tà dé. Ọmọ ilé ìwé á dán gbogbo rẹ̀ wò tán kí ẹ̀wà tó jinná. Kódà bí ẹ bá fi lẹ́tà mìíràn rọ́pò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láìtẹ̀lé ètò kankan, al-Kindi, ọ̀mọ̀wé kan ní Baghdad, ti ṣàlàyé ní ọ̀rúndún kẹsàn-án bí wọ́n ṣe ń tú u: ka àwọn àmì, èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé náà ló ṣeé ṣe kó dúró fún lẹ́tà tó wọ́pọ̀ jù nínú èdè náà.

Ohun tó ń ba ẹnà ọmọdé jẹ́ ni pé ọmọ kan ṣoṣo tó bá ti mọ bí a ṣe ń ki "g" bọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ wa ti tú sí i lọ́wọ́ títí ayé. Ní 1883, Auguste Kerckhoffs là á kalẹ̀ pé ẹnà tó pójú owó ni èyí tí ọ̀tá lè mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ látòkèdélẹ̀, tí kò sì ní rí i tú níwọ̀n ìgbà tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́. Èyí ni kí o máa bi àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà wọ̀nyí: kọ́kọ́rọ́ ńkọ́, ọwọ́ ta ló wà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣirò

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n gbà á níbẹ̀.

AES jẹ́ oníkọ́kọ́rọ́ kan. Èyí tí a fi dì í náà la ó fi tú u. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù méjì, Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ló ṣe é, Amẹ́ríkà sì sọ ọ́ di òdiwọ̀n ìjọba ní 2001. DES ló wà ṣáájú rẹ̀ láti 1977, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ ìyẹn kéré, bit 56 péré (bit kan ni 0 tàbí 1 kan). Ní 1998, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní EFF kọ́ ẹ̀rọ kan tó ń dán kọ́kọ́rọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò tó ọjọ́ mẹ́ta tó fi rí i. Kọ́kọ́rọ́ AES tó kéré jù jẹ́ bit 128. Tí ẹ bá fẹ́ kọ iye kọ́kọ́rọ́ tó ṣeé ṣe sílẹ̀, díjíìtì 39 lẹ máa kọ. Kò sí ẹni tó máa dán ìyẹn wò tán.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́: ẹ rántí aláró tó ń ṣe àdìrẹ. Á rì í, á yọ ọ́, á sá a, á tún rì í. AES ń gé iṣẹ́ yín sí ìdì kéékèèké, byte 16 nínú ìdì kan (bit mẹ́jọ ló wà nínú byte kan), ó ń tò wọ́n ní ìlà mẹ́rin, mẹ́rin-mẹ́rin. Á fi òmíràn rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan, á ti àwọn ìlà sí ẹ̀gbẹ́, á po òpó kọ̀ọ̀kan pọ̀, á wá bu kọ́kọ́rọ́ lé e. Rírì kan nìyẹn. Ó máa rì í nígbà 10 tí kọ́kọ́rọ́ bá jẹ́ bit 128, ìgbà 14 tó bá jẹ́ 256. Àmọ́ aláró ò lè sọ àdìrẹ di funfun mọ́. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ AES lè fi ẹ̀yìn rìn padà títí aṣọ á fi mọ́.

Wàhálà rẹ̀ nìyí. Mo wà n'Íbàdàn, ẹ̀yin wà ní Kánò, a ò rí ara wa rí. Báwo ni mo ṣe máa fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí yín? Ẹni tó lè ka lẹ́tà wa lójú ọ̀nà á kàn mú kọ́kọ́rọ́ náà níbẹ̀. Ní 1976, Diffie àti Hellman fi ọ̀nà àbáyọ han ayé. Ní 1977, Rivest, Shamir àti Adleman ṣe RSA. (Clifford Cocks ti rí irú rẹ̀ ní 1973 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe amí ló ń bá ṣiṣẹ́, wọn ò jẹ́ kó jáde síta títí di 1997. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ká mi lára.)

Ẹ wo kóló. Ẹnikẹ́ni tó wọlé yín lè ju owó sí i, ẹ̀yin nìkan lẹ lè yọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni RSA ní, ọ̀kan tí mo kéde fún gbogbo ayé, ọ̀kan tó wà lápò mi. Ẹ mú bírò. 3 lọ́nà 11 jẹ́ 33. Mo kéde 33 àti 3. Ẹ fẹ́ fi nọ́ńbà 4 ránṣẹ́ sí mi, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta nítorí 3 tí mo kéde: 4 × 4 × 4 jẹ́ 64, ẹ yọ 33 kúrò, ó ku 31. Ẹ fi 31 ránṣẹ́, kí gbogbo Ìbàdàn rí i, kò kàn mí. Nọ́ńbà tó wà lápò mi ni 7. Màá sọ 31 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ ní ọ̀nà méje, ó jẹ́ 27,512,614,111. Tí mo bá pín in sí 33, ó ṣẹ́ ku 4.

Ibo ni mo ti rí 7? Mo yọ ọ̀kan lára 3, mo yọ ọ̀kan lára 11, mo sọ èyí tó kù di púpọ̀: 2 × 10 jẹ́ 20. Mo wá nọ́ńbà tí mo lè fi ìlọ́po 3 kí ó lé 20 ní ẹyọ kan. 21. Nítorí náà, 7. Ẹni tó bá lè tú 33 padà sí 3 àti 11 ti rí àpò mi. 33 rọrùn, àmọ́ nọ́ńbà RSA tòótọ́ tí wọ́n ń pè ní 2048 gùn tó díjíìtì 617. Kò tíì sí kọ̀ǹpútà tó tú u sí méjì.

Àlàkẹ́ Agbowó

Mo fi kakulétọ̀ fóònù ṣe é. 4 ló kù lóòótọ́! Oníbàárà tó jókòó tì mí ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣé RSA wá dára ju AES lọ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣirò

Rárá o mà. RSA lọ́ra púpọ̀, kò ṣeé fi gbé projẹ́ẹ̀tì olójú ewé ọgọ́rùn-ún. AES ló ń gbé ẹrù, àwọn irú RSA ló ń gbé kọ́kọ́rọ́ AES lọ fún ẹni tó ń dúró dè é. Tí ẹ bá wọ wẹ́ẹ̀bù tó ní https, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀ kí ojú ewé tó ṣí. Láptọ́ọ̀pù tiyín ò ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Kánò, ó kàn fẹ́ ti ara rẹ̀ ni. AES tó fún un.

Ọmọ Òkè Pádì

Kí lẹ ń yọ ara yín lẹ́nu fún? WhatsApp ti encrypt gbogbo nǹkan. Ẹ fi iṣẹ́ oníbàárà ránṣẹ́ sí ara yín, ó parí.

Bọ̀dá Network

Àbúrò, rọra. End-to-end kì í ṣe irú ẹnà tuntun, AES náà wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà: fóònù ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ti ẹni tó gbà á, kò sí lọ́wọ́ àwọn tó wà láàárín. WhatsApp tàn án fún gbogbo èèyàn ní April 2016. Ó dáa, mo ń lò ó. Àmọ́ ojú ọ̀nà ló ń ṣọ́. Ẹni tó bá gbé fóònù tí kò ní pín ò nílò láti tú ẹnà kankan, á kà á bí o ṣe ń kà á. Bákápù tó ń lọ sí Google Drive náà, títí di 2021 kò sí ọ̀nà láti fi irú kọ́kọ́rọ́ yìí tì í, ní báyìí náà àfi kí o fọwọ́ ara rẹ tàn án nínú Settings. Ṣé o ti tàn án?

Ẹ má sì jẹ́ kí àgádágodo tó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wẹ́ẹ̀bù tàn yín jẹ. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohun tí ìwọ àti wẹ́ẹ̀bù náà ń sọ. Bí gbájúẹ̀ ló ni wẹ́ẹ̀bù náà ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni gbájúẹ̀ ń gba àgádágodo bíi tèmi àti tìrẹ.

Ọmọ Òkè Pádì

Mi ò tíì tàn án. Mo ti dákẹ́.

Àdùkẹ́ Olóògùn

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí Àǹtí Àlàkẹ́ má bàa tún sunkún lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Chállẹ́ńjì. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra láptọ́ọ̀pù, mo tẹ "Next, Next, OK" títí ó fi ṣí. Mi ò mọ̀ pé BitLocker ti wà ní títàn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ gbogbo ọjà, gbogbo gbèsè, gbogbo orúkọ àwọn tó ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù sínú rẹ̀. Ó wá di ọjọ́ kan tí iná ṣe ségesège, bọ́ọ̀dù jó. Wọ́n pààrọ̀ bọ́ọ̀dù. Mo tàn án, ojú ewé aláwọ̀ búlúù kan jáde, ó ní kí n mú nọ́ńbà 48 wá.

Nọ́ńbà wo? Mo wá gbogbo káàdì, gbogbo páálí. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó wà nínú àkáǹtì Microsoft mi. Ẹni tó bá mi ṣètò kọ̀ǹpútà níjọ́sí ti lo ímeèlì kan tó dá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, òun náà ò rántí rẹ̀ mọ́. Mo gbé e lọ fún àwọn ọmọ tó gbọ́n. Ohun tí gbogbo wọn sọ ò yàtọ̀: díìsìkì yìí kò bàjẹ́, ohun tẹ́ ẹ wá wà níbẹ̀ pé, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè tú u. Mo wá rí i pé ẹnà ò mọ̀ pé èmi ni mo ni ín. Bó ṣe ń wo olè ló ṣe ń wo èmi náà. Títí di òní ni mò ń pe àwọn oníbàárà láti bi wọ́n pé oògùn wo ni wọ́n ń lò.

Kí ẹ tó tàn án, ẹ gba nọ́ńbà 48 yẹn sílẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ẹ má fi pamọ́ sínú láptọ́ọ̀pù kan náà, mo bẹ̀ yín.

Táyé Dùgbẹ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí mà. Mo máa ń rí irú rẹ̀, kò sì sí ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe sí i.

Ẹ tún ní bákápù o, sórí díìsìkì mìíràn tí kì í wà lára kọ̀ǹpútà ní gbogbo ìgbà. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì náà mọ AES. Wọ́n á fi ti fáìlì yín, wọ́n á fi RSA ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ wá ra á padà. Bí fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní WannaCry ṣe ṣe ayé ní May 2017 nìyẹn. Oníbàárà mi kan ní Gbági bọ́ nínú irú rẹ̀ nítorí pé ó ní bákápù ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Àlàkẹ́ Agbowó

SHA nìkan lẹ ò tíì sọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣirò

Ìyẹn kì í ṣe ẹnà rárá, wọ́n kàn máa ń dárúkọ wọn pọ̀ ni. Kò sí kọ́kọ́rọ́, kò sí títú. Ẹ gbé ata lọ sí ẹ̀rọ, wọ́n lọ̀ ọ́. Ta ló lè sọ ọ́ di rodo àti tàtàṣé padà? Bí ẹ bá kó lẹ́tà kan tàbí odidi ìwé sínú SHA-256, àmì 64 ló máa gbé jáde, kò dín, kò lé. Ẹ yí kọ́mà kan ṣoṣo padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àmì náà ló máa yàtọ̀. Wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan fáìlì. Wẹ́ẹ̀bù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í tọ́jú páswọọ̀dù yín, ata lílọ̀ ló ń tọ́jú. Á fi iyọ̀ kan (ìyẹn àwọn àmì tí a kàn ṣà láìtẹ̀lé ètò) tó yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn sí i kó tó lọ̀ ọ́, kí páswọọ̀dù èèyàn méjì tó jọra má bàa di ata kan náà. Ọlọ pẹ̀lú máa ń gbó: ní 2017, Google àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amsterdam fi fáìlì méjì tó yàtọ̀ sínú SHA-1, ata kan náà ló jáde.

Bọ̀dá Network

Ọ̀nà kan láti mọ wẹ́ẹ̀bù burúkú: ẹ tẹ "mo ti gbàgbé páswọọ̀dù". Bí wọ́n bá fi páswọọ̀dù yín àtijọ́ gan-an ránṣẹ́ padà, wọn ò lọ ata kankan. Ẹ sá.

Bàbá Tíṣà Òke-Àdó

Ata rodo nínú ìṣirò! Ọmọ yìí yẹ kó máa kọ́ni.

Àlàkẹ́ Agbowó

Ẹ ò ní kú o, gbogbo yín. Ibi tí mo bá a dé rèé. Mo ti lé láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kúrò nínú Gmail. Mo ti pe oníbàárà mẹ́sàn-án. Ọ̀kan bú mi, mo dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù bí ọkùnrin. Tuntun ní Device encryption, mo ti tàn án láàárọ̀ yìí. Fláàṣì tí mo fi ń gbé iṣẹ́ kiri, mo ti fi VeraCrypt sí i, páswọọ̀dù ẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá márùn-ún tí kò bára wọn tan. Nọ́ńbà 48 ńkọ́? Mo gbọ́ ti Àdùkẹ́ yé, mi ò fi sínú láptọ́ọ̀pù. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí ẹ̀yìn Bíbélì mi.

Àdùkẹ́ Olóògùn

Ẹ ṣé é dáadáa mà. Ibo ni Bíbélì ọ̀hún máa ń wà?

Àlàkẹ́ Agbowó

Inú báàgì láptọ́ọ̀pù.

Àlàkẹ́ Agbowó

Yéè. Mò ń bọ̀.